Ẹ Gba Máíkì Lọ́wọ́ Mi O!

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ẹsẹ̀ àgbàlagbà ti lè yá tó, ẹ má wulẹ̀ dẹ ajá sí i. Ẹ gbé máíkì dání, kí ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbi ìnáwó. Ojú mi ló ṣe ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìlaròó. Bàbá kan wà nídìí tábìlì wa tó ti fi wákàtí méjì gbáko bá ìjọba wí. Ó ti tún Àbújá tò, ó ti yanjú ọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, ó ti sọ ohun tí Amẹ́ríkà ìbá ti ṣe kó tó bàjẹ́. Àfi bí ẹmusíì ṣe ní kí bàbá dìde, kó fi gbólóhùn méjì péré gba ọkọ àti ìyàwó níyànjú. Kí n tó ṣẹ́jú, àga ti ṣófo. Fìlà bàbá nìkan ló jókòó síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n máa rí i, ẹ̀yìn ilé ló wà, ó ń bá àwọn alásè koná.

Èmi tí mò ń ròyìn yìí ńkọ́? Abẹ́ tábìlì ni mo wà. Mo ní bọ́tìnnì mi ló já tí mò ń wá. Bẹ́ẹ̀, bùbá tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà kò ní bọ́tìnnì kan ṣoṣo.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo jókòó sílé mo ń bú ará ìlú. Ara mi ni mo kọ́kọ́ ń bú. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń fi bírò jẹun. Ẹni tó bá ń ka ohun tí mò ń kọ nínú ìwé ìròyìn á rò pé ẹnu mi mú bí abẹ ìfárí. Ẹ pè mí sórí pèpéle wò, ẹ ó rí i pé abẹ náà kò lè gé ilá. Nígbà tí mo wà ní iléèwé girama, gbogbo ọjọ́ tí díbéètì bá ti kàn mí ni inú máa ń run mí. Ọ̀gá wa tilẹ̀ fẹ́ẹ́ mú mi lọ sí ọsibítù fún iṣẹ́ abẹ.

Àwa tí à ń sá fún ọ̀rọ̀ sísọ láwùjọ, oríṣiríṣi ni wá. Àwọn oníkọ́ ló pọ̀ jù. Ikọ́ wọn kì í ṣe ikọ́ òtútù, ikọ́ tó mọ agogo ni. Lóru wọn kì í wúkọ́, lójà wọn kì í wúkọ́, ṣùgbọ́n bí alága bá ti ń wo ọ̀kánkán wọn báyìí, wọ́n á fi ọwọ́ di ọ̀fun mú, wọ́n á máa mi orí bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ohùn rere tó ti kú. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò tilẹ̀ ní í wúkọ́. Wọ́n á dìde, wọ́n á gba máíkì, wọ́n á ní, “Gbogbo ohun tí mo fẹ́ẹ́ sọ ni àwọn tó ṣíwájú mi ti sọ tán,” wọ́n á jókòó. Mo gbọ́ èyí lẹ́nu ọkùnrin kan rí, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n pè.

Ẹlòmíràn, orin ni yóò dá. Orin kò burú, ta ló kórìíra orin? Ṣùgbọ́n bó bá ti dá ọ̀kan tán, á dá èkejì, ìlù á wọlé, àwọn obìnrin á dìde, ijó á gbóná, owó á máa fò, ọ̀gbẹ́ni á sì rọra gbé máíkì lé orí sípíkà, ó di ilé. Ó di ọjọ́ kẹta kí á tó rántí pé òun ni akápò, àti pé a pè é kó wá sọ ibi tí owó ẹgbẹ́ wọlé sí. Ti olówó tún yàtọ̀. Òun kì í sá rárá. Á kàn lẹ owó mọ́ ìyàwó níwájú orí, ó ní owó ti bá òun sọ̀rọ̀.

Ti fóònù ló wá dé kẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan wà ní Ayétòrò, bí wọ́n bá ti ń dárúkọ rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, fóònù ti wà létí rẹ̀: “Hẹ́lò! Hẹ́lò! Kùtọnù, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?” Ó di ìta. Lọ́jọ́ kan, níbi tó ti ń bá Kùtọnù sọ̀rọ̀, ni fóònù náà bá dún gan-an létí rẹ̀, gbogbo èèyàn sì gbọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ń pè é láti inú gbọ̀ngàn, pé kó padà wọlé wá sọ̀rọ̀.

Àwa ará ẹnubodè tún ní ọ̀nà àbáyọ kan tí ará Ìbàdàn kò ní. Bí ọ̀rọ̀ bá le, a ó di ará òdìkejì. Ọkùnrin tó ti fi Yorùbá ná ọjà láti àárọ̀, tó fi Yorùbá bú awakọ̀, bí wọ́n bá ní kó wá sọ ohun tó rí níwájú mítíńgì, á ní Ègùn nìkan lòun gbọ́. Bí ẹ bá wá ẹni tó gbọ́ Ègùn, á ní Faransé lòun wí.

A tilẹ̀ ti sọ ìsápamọ́ di ohun tí à ń sanwó fún. Ẹ wo ibi ìdána. Bàbá ìyàwó á jókòó bí ère, bàbá ọkọ á jókòó bí òpó. Obìnrin méjì tí a háyà, alága ìjókòó àti alága ìdúró, ni yóò bá wọn tọrọ ọmọ, ni yóò bá wọn fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́, ni yóò tún bá wọn ṣàdúrà sí i. Mi ò bá àwọn alága jà o, iṣẹ́ wọn ni, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ìwọ bàbá ni mò ń bi: ọmọ tí o bí, tí o wò nígbà tí ara rẹ̀ kò yá, tí o tà ilẹ̀ kí ó lè lọ sí iléèwé, ṣé gbólóhùn mẹ́ta kò sí lẹ́nu rẹ fún un lọ́jọ́ tó ń fi ilé rẹ sílẹ̀ ni?

Ẹ má sì rò pé Yewa nìkan ni ẹ̀rù yìí wà. Ní 1973, ilé-iṣẹ́ Bruskin bi àwọn ará Amẹ́ríkà léèrè ohun tó ń dẹ́rù bà wọ́n. Nínú ọgọ́rùn-ún, 41 ní ọ̀rọ̀ sísọ níwájú àwùjọ ni. Àwọn tó dárúkọ ikú kò ju 19 lọ. Bí a bá fi ojú èyí wò ó, ọ̀pọ̀ èèyàn níbi òkú ló sàn fún kí ó wà nínú pósí ju kí wọ́n ní kó wá sọ̀rọ̀ nípa olóògbé. Mósè ńkọ́? Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló rán an sí Fáráò, ó ní ahọ́n òun wúwo, kí wọ́n jọ̀ọ́ rán ẹlòmíràn. Gandhi tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí, nígbà tó ti Ìlú Ọba kàwé òfin dé ní 1891, tó dìde ní kóòtù ní Bombay láti rojọ́, òòyì kọ́ ọ, kò lè bi ẹlẹ́rìí ní ìbéèrè kan. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n lọ gba lọ́yà mìíràn, ó sì dá owó padà. (Lọ́yà tó dá owó padà! Èyí nìkan ti tó kí á máa rántí rẹ̀.) Thomas Jefferson, ààrẹ Amẹ́ríkà, kò fẹ́ràn kí ó dúró níwájú èrò rárá. Ní 1801 ó ní òun kò ní lọ ka ọ̀rọ̀ ọdọọdún fún àwọn aṣòfin mọ́, lẹ́tà ni òun yóò máa fi ránṣẹ́. Àwọn tó tẹ̀lé e rí i pé ó dùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń bá a lọ títí Woodrow Wilson fi tún fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn débẹ̀ ní 1913. Ọdún 112! Kò sí oníkọ́ kan ní Ìlaròó tó tíì ta ìyẹn yọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa o. Mósè sá, Áárónì sọ̀rọ̀. Jefferson sá, lẹ́tà rẹ̀ dé ọwọ́ àwọn aṣòfin. Ọba àwọn Akan ní Ghana kì í bá ará ìlú sọ̀rọ̀ tààrà láwùjọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní okyeame, tó mú ọ̀pá dání, ni ó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ sọ síta. Gbogbo wọn fi ẹnu pamọ́, wọn ò fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Àwa ńkọ́? À ń gbé ara sá, à ń gbé ọ̀rọ̀ sá pẹ̀lú rẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀rù. Ẹ̀rù kò ṣẹ̀.

Mo ní ẹ̀rí. Ìlú kékeré kan wà láàrin Ìlaròó sí Ayétòrò, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ti bí ìyá mi, mo sì tún fẹ́ẹ́ máa jẹun níbẹ̀. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwọn òṣìṣẹ́ kan wá láti sọ fún ìlú pé wọ́n fẹ́ẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ kan, èyí tí a ń pè ní bóhóòlù. Ẹyọ kan péré. Wọ́n ní kí ará ìlú péjọ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ àdúgbò tí omi ti wọ́n jù. Ẹ gbọ́ ná, kò sí ọmọdé kan nínú ìlú náà tí kò mọ̀ pé àdúgbò ìsàlẹ̀ ni. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn obìnrin ìsàlẹ̀ ti ń lọ pọn omi odò, bí ẹ̀ẹ̀rùn bá sì dé, odò yìí á di ẹrẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ pàápàá á rò lẹ́ẹ̀mejì kó tó mu ún.

Ọ̀gá wọn dìde. Orúkọ rẹ̀ Yorùbá, iyán ni wọ́n fi ṣe é lálejò, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi bá wa sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Nígbà tó parí, ó ní àwọn ṣetán láti gbọ́ wa. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ atiótiò lẹ́nu. Mo rí ikọ́ lọ́jọ́ náà! Mo rí fóònù! Ọkùnrin mẹ́rin ló lọ tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀kan tó padà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń gbé ní ìsàlẹ̀, jókòó tì mí. Ó gún mi ní ìgbúnwọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ìwọ tí ò ń ṣiṣẹ́ ìwé ìròyìn, o gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ yìí. Dìde, kí o sọ fún wọn.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ni mo ṣe? Mo yọ ìwé jáde. Mo dorí kodò, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé wìrìwìrì. Mo sọ ọ́ sí wọn létí pé, “Màmá, akọ̀ròyìn kì í dá sí ọ̀rọ̀, ó kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni.”

Wọ́n wò mí. Wọ́n na ọwọ́ tiwọn sókè. Ọkùnrin kan níwájú ní, “Màmá, ẹ jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ná.” Àwọn ọkùnrin wo? Àwọn tó lọ tọ̀? Nígbà tó yá, alásọjù kan tí ìlú kò rán níṣẹ́ dìde, ó kan sáárá sí ìjọba títí, ó ní ibi tó bá wu àwọn àlejò wa ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ sí, àwa kò ní ìjà. Ibi tó wù wọ́n ni ẹ̀gbẹ́ títì lókè, níbi tí ọkọ̀ ẹ̀rọ ti lè dúró láìrì. Ilé mẹ́ta ló yí ibẹ̀ ká, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì ti ní kànga tiwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ará ìlú fọwọ́ sí i. Irọ́ kọ́ ni wọ́n kọ.

Bí a ṣe ń lọ sílé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá mi sọ. Wọ́n ní, “Sísọ ni mo ní kí o sọ ọ́, n ò ní kí o kọ ọ́.”

Bí mo bá ń rojọ́ yìí fún àwọn èèyàn, òwe ni wọ́n máa ń fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní ẹyin lohùn. Wọ́n á ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òótọ́ ni, àwọn baba wa ló pa á. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ló ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Kí ló dé tí a kì í rántí ìyẹn ní mítíńgì? Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fọwọ́ sí ìwé ní 1889, tí ààlà sì gba àárín wa kọjá, tí Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, kò sí ẹni tó bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan. Ó dùn wá títí dòní. Wọ́n wá ń bi wá léèrè nísinsìnyí, a ní inú ń run wá. Orúkọ Ẹ̀gbádò tí a ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, tó di Yewa ní 1995, ṣé ikọ́ ni wọ́n fi yí i padà ni? Ẹnu ni.

Ẹlòmíràn á ní àwa kò kàwé tó. Àwa tí Kọ́ńpíríhẹ́nsífù wà ní Ayétòrò láti 1963, tí Pólì ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìlaròó láti 1979? Ká sọ̀rọ̀ mìíràn jàre. Ìwé tí a kà gan-an wà lára ohun tó ń dí wa lẹ́nu. Ẹni tó kàwé ń bẹ̀rù kí Gẹ̀ẹ́sì má já lẹ́nu rẹ̀ níwájú ọ̀gá. Ẹni tí kò kà á ń bẹ̀rù kí wọ́n má fi òun rẹ́rìn-ín. Ìwọ tí ó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe mítíńgì omi ní àárín àwọn tó ń fi Yorùbá mu omi, ta lo wá bá sọ̀rọ̀? Mo gbà pé a jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ran àwọn mẹ́rin yẹn lọ sí ilé ìtọ̀.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé ilẹ̀ tiwa yìí ni ilẹ̀ Ẹ̀fẹ̀. Láti Ìlaròó dé Ìmẹ̀kọ, dé Kétu ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, àwa la ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde ní 2001 pé ohun iyebíye fún gbogbo aráyé ni, tí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá wọn ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ẹni tó bá ti wo Ẹ̀fẹ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Ní òru, ní ojú ọjà, Ọba Ẹ̀fẹ̀ á jáde. Á júbà òrìṣà, á júbà àwọn ìyá wa, á júbà àgbà. Lẹ́yìn náà ni ẹnu rẹ̀ á wọ inú ìlú. Olóyè tó jẹ owó ìlú, ó di orin. Ọkùnrin tó ń fi ìyà jẹ aya, ó di orin. Ẹ̀rín á máa pa èèyàn, ẹni tí wọ́n ń bá wí á máa wá ibi tó máa fi ojú sí, ilẹ̀ á sì mọ́ báyìí. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ bá a jà nítorí rẹ̀.

Ẹ ó ní, “Ṣebí nítorí ó bo ojú ni.” Rárá o. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe Egúngún, ẹni tó wà nídìí rẹ̀ kì í ṣe àṣírí. Gbogbo ìlú mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ó lè jẹ́ ẹni tí kì í lè gbé orí sókè lọ́sàn-án. Kí ló wá fún un láyà? Ìlú ni. Kó tó jáde rárá ni ìlú ti gbà pé a máa gbọ́ ọ parí, a ò ní í fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ò sì ní í dọdẹ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ohun tí a fún Ọba Ẹ̀fẹ̀ lóru yìí gan-an ni a fi ń du ara wa lọ́sàn-án. Bí ọmọ talaka bá ta gbólóhùn kan lu ara wọn ní gbọ̀ngàn ìlú, ẹ wo bí àwọn kan á ṣe máa fi ìgbúnwọ́ gún ara wọn, ẹ wo bí wọ́n á ṣe sọ ọ́ di orúkọ rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ta ló máa tún dìde? Àti pé àwọn ìyá kan náà tí a ń tìtorí wọn jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí a ń fi orin kí, tí a ń bẹ̀, òun náà ni Màmá tó na ọwọ́ sókè nípa omi tí òun ń fi orí rù, tí a ní kó jẹ́ kí àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ná. N ò mọ irú ìjúbà tí a ń pe ìyẹn.

Èmi ò ní kí gbogbo wa di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Àwọn tí kì í fi máíkì sílẹ̀ náà ti tó wa, a ó bójú tó tiwọn lọ́jọ́ mìíràn. Ohun tí mo ní ni pé, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò bá gbé e, kó kọ ọ́ sínú ìwé bíi Jefferson, kí ọmọ iléèwé kan dìde kà á. Ẹni tí kò lè kọ ọ́, kó rán Áárónì tirẹ̀, ì báà jẹ́ ìyàwó rẹ̀, ì báà jẹ́ àbúrò. Kí mítíńgì ìlú jẹ́ ti èdè ìlú. Kí obìnrin sọ̀rọ̀ nígbà tó bá na ọwọ́. Ẹni tó bá sì rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ṣi ọ̀rọ̀ sọ, kí alága má bá a jà rárá, kó kàn gbé máíkì fún un lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ó rí bí ikọ́ á ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbàkígbà tí mo bá dé ìlú ìyá mi báyìí, kí n tó jókòó, kí wọ́n tó fún mi ní omi mu, korobá ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń gbé lé mi lọ́wọ́. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọ́n á kàn fi ẹnu júwe ọ̀nà odò. Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọdún yìí, àwọn ọmọbìnrin kéékèèké tí à ń jọ lọ sì ń yọ̀ mí pé n ò mọ omi í rù. Ní ìgbà tí mo lọ kẹ́yìn, wọ́n sọ fún mi pé àwọn òṣìṣẹ́ mìíràn ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ títì ni wọ́n bá wá lọ́tẹ̀ yìí, àti pé àwọn ti fi orúkọ mi sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ìlú pé èmi ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún àdúgbò ìsàlẹ̀. Mo ní, “Màmá, inú máa ń run mí.” Wọ́n ní àwọn mọ̀, àwọn ti se àgbo sílẹ̀ dè mí. Wọ́n ní kí n má mú ìwé dání wá, kí n má sì mú bírò.